Ọwọ́ Ọ̀tún Ọmọ, Ọwọ́ Òsì Ìyá

Ká ní òwú dúdú kò tán nílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, bóyá fayolíìnì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ì bá máa ta títí dòní, tàbí kó má tilẹ̀ ta nǹkan kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ìyá wa, tó jẹ́ télọ̀, ní kó ra òwú dání bó bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kó tọ́jú rẹ̀ sápò títí yóò fi padà dé. Ilé ìtajà tó wà ládùúgbò wa kò tíì ṣí, ló bá fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà kejì. Nígbà tó fi máa wọ kíláàsì, tíṣà orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín gbogbo ohun èlò tó kó wá tán. Fayolíìnì mọ́kànlá ló kó wá, ọmọ mọ́kànlá sì ti gbá wọn mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Ohun tó ṣẹ́ kù ni nǹkan gàgàrà kan tó fara ti ògiri, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, tó ní ikùn ńlá, ọrùn gígùn àti okùn mẹ́rin.

"Ṣẹ́lò nìyẹn," ni tíṣà wí. Ọkùnrin gíga kan ni, tí kì í pariwo. "Ẹ̀gbọ́n fayolíìnì ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ torí pé ó wúwo. Ṣé wàá lè gbé e?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ bóyá òun lè gbé e. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ dé, ojú sì ń tì í. Ó ní, "Mo lè gbé e, sà."

Ó gbé e délé lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni gbé ọ̀mùtí relé ni: ó fà á díẹ̀, ó tì í díẹ̀, ó dúró sinmi lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé wo àpótí dúdú gbọọrọ tí ṣẹ́lò náà wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa bọ́ síta, ó di orí mú, ó ní, "Ta ló kú o?" Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé orin ló wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Alápótí, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

"Kí lo gbé wọlé yìí?" ni ìyá wa bi í.

"Ṣẹ́lò ni, Màmá."

"Mo rán ọ ní òwú, o gbé ṣẹ́lò bọ̀. Òwú mi dà?"

Òwú wà lápò rẹ̀. Ìyá wa gbà á, ó tún tẹjú mọ́ nǹkan náà. "Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á?"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó fi orúnkún méjèèjì há ṣẹ́lò náà bí tíṣà ṣe fi hàn án. Síkẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ há, ló bá sún sókè dé itan. Ìyá wa figbe bọnu pé ọmọ òun kò ní jókòó báyẹn níwájú ènìyàn láyé. Bàbá wa, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tó fi ní, "Àbí ìwọ kọ́ ni télọ̀ ni? Rán èyí tó fẹ̀ fún un."

Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì ti délẹ̀. Ó fẹ̀ débi pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lè jọ wọ inú rẹ̀. A sì jọ wọ inú rẹ̀, a jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, a jọ ṣubú. Èmi ni àbúrò kan ṣoṣo tó ní. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, ohun tí ojú mi rí ni mò ń rò yìí, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ká má parọ́, ohùn tó kọ́kọ́ ń jáde nínú ṣẹ́lò yẹn kò dára. Bàbá wa ní ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò róróró mu. Yàrá iwájú tí ìyá wa ti ń ránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe ìdánrawò, nítorí kò sí yàrá mìíràn tó gba òun àti ẹrù rẹ̀. Bí ìyá wa bá ń tẹ ẹ̀rọ, tàkà-tàkà-tàkà, ẹ̀gbọ́n mi á máa fa ọrun tẹ̀ lé e. Ọrun là ń pe igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi irun ẹṣin dì, tí wọ́n fi ń fa okùn kó tó lè dún. Bí ẹ̀rọ bá yára, òun náà á yára. Bí ìyá wa bá dúró láti yí igun aṣọ, òun náà á dúró, á gbé ọrun sókè, á máa dúró dè é. Nígbà tó pé ọdún kan, tíṣà orin bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ tí orin rẹ̀ fi ń lọ déédéé tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Màmá mi ni."

"Ṣé olórin ni wọ́n ni?"

"Rárá o, sà. Ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń rán jù."

Mo rántí ọ̀sán tí ṣẹ́lò náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa okùn tó nípọn jù, ohùn kan sì jáde, ó gùn, ó jinlẹ̀, ó kún inú yàrá títí dé abẹ́ àga. Ìyá wa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Tún un ṣe." Ó tún un ṣe, kò dùn mọ́. Ó tún gbìyànjú, ó burú sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n etí wa ti gbọ́ ọ, a ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ohùn yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń lé kiri láti ìgbà náà. Ó lé e gba ilé ẹ̀kọ́ girama kọjá, ó lé e dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ orin, ó gbàwé ẹ̀rí. Ó wá ku iṣẹ́. Ọkẹ́sírà ìlú wa, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin tí ọgọ́rin ènìyàn ti ń jókòó pọ̀, ti fayolíìnì, ti fèrè, ti ìlù, kò ní ju ìjókòó mẹ́wàá lọ fún àwọn oníṣẹ́lò. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kan jókòó lé kì í dìde àfi tó bá fẹ̀yìn tì. Tí àyè kan bá wá ṣí, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló máa ń dánwò fún un. Wọn kì í ṣojúsàájú níbẹ̀. Wọ́n á ta aṣọ gbọọrọ kan sáàárín gbọ̀ngàn, kí àwọn tó ń dájọ́ má bàa rí ẹni tó ń ta á. Wọ́n tilẹ̀ tún ń tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀, kí wọ́n má bàa fi ìró bàtà dá obìnrin mọ̀ yàtọ̀ sí ọkùnrin.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, ìpele kejì ni wọ́n ti já a. Ìgbà kejì, okùn kan já, pàà! bí ìbọn, àyà rẹ̀ já pẹ̀lú rẹ̀, kò rí orin náà mú mọ́. Ìgbà kẹta, ó sín. Ẹnì kan lẹ́yìn aṣọ ní, "Pẹ̀lẹ́ o," gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n fi ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ìgbà kẹrin, ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú un. Ìgbà karùn-ún, kò kù díẹ̀ rárá. Ìgbà kẹfà, ipò kejì ló ṣe, ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n sì ń wá.

Gbogbo ìgbà yẹn ló ń tẹ bàbá wa láago. "Bàbá, wọn ò mú mi."

Bàbá wa á ní, "Wọn ò mú ọ lónìí." Kò sígbà kan tó yọ "lónìí" yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó káwọ́ gbera láàárín àkókò yẹn o. Ó ń kọ́ ọmọdé ní ṣẹ́lò. Ó ń ta á níbi ìgbéyàwó, níbi tí àwọn àlejò ti ń jẹun lé e lórí. Ó tún máa ń wá sílé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, á máa ta á fún àwọn aláìsàn. Bàbá arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde rìn, ó ní òun ò lè rìn. Ní Sátidé yẹn, ó dìde fúnra rẹ̀, ó rìn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ já, ó wá dúró sí ẹ̀gbọ́n mi lórí, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ariwo rẹ pọ̀." Dókítà tó dúró nítòsí ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa bọ̀ lójoojúmọ́.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ìgbà keje tó lọ dánwò, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ó kan kí wọ́n kéde, olórí àwọn adájọ́ jáde wá láti ẹ̀yìn aṣọ, ó ní, "Nọ́ńbà mẹ́rìnlá." Ẹ̀gbọ́n mi yíjú wo àwọn tó kù, ó ń wá nọ́ńbà mẹ́rìnlá kó lè kí i kú oríire. Obìnrin tó jókòó tì í ló tọ́ka sí bébà tó wà láyà rẹ̀. Òun gan-an ni nọ́ńbà mẹ́rìnlá.

"Bàbá, wọ́n mú mi."

Nídìí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, bàbá wa gbá fóònù mọ́ etí. Ó ní, "Lónìí?"

"Lónìí, Bàbá."

Àwọn tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀ lọ́jọ́ náà sọ pé àwọn ò tíì rí àgbàlagbà tó fò sókè báyẹn rí, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fún un. Ẹni tó jókòó tì í jẹ́ bàbá kan tó ti dàgbà, tí súìtì kì í tán lápò rẹ̀. Tí orin bá dé ibi tí àwọn oníṣẹ́lò ti ń dákẹ́ fúngbà pípẹ́, á na ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ igi tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé. Bàbá Onísúìtì ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn mìíràn á máa du ìjókòó iwájú bí ẹni du oyè, ẹ̀gbọ́n mi kò du nǹkan kan. Ó máa ń sọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń gbọ́ gbogbo ènìyàn. Ọdún méjìdínlógún ló fi jókòó síbẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn láti lọ síbi iṣẹ́. Mélòó nínú wa ló lè fọwọ́ sọ̀yà sọ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Òjò ti rọ̀, àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò tutù, ó sì gbé ṣẹ́lò kọ́ ẹ̀yìn. Bó ṣe ń ṣubú, ó yí ara rẹ̀ padà kí ṣẹ́lò má bàa gbálẹ̀, ó wá fi ọwọ́ òsì gba gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n gbé e wá. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó di aṣọ mi mú.

"Àbúrò mi, ṣé ó fọ́?"

Mo ní, "Ó fọ́ sí ọ̀nà méjì."

Ó figbe ta. "Ṣẹ́lò mi!"

"Ọrùn ọwọ́ rẹ ni mò ń sọ! Ṣẹ́lò rẹ ò fara pa."

"Háà," ó wí, ó sì fi orí lélẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun."

Wọ́n fi pílásítà líle di ọwọ́ náà láti ìka dé ìgúnpá. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò lò níbẹ̀, pé tí wọ́n bá tú u, yóò máa nà án díẹ̀díẹ̀, pé òun kò lè búra pé yóò padà sí bó ṣe wà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ ẹ̀gbọ́n mi lára. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé, a mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí wa. Ó jókòó sójú fèrèsé. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni kò ṣí àpótí ṣẹ́lò rẹ̀.

Ìyá wa ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjì tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Á ká aṣọ, á tú u, á tún un ká. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó dìde dúró níwájú àpótí náà.

"Ohun tí wọn ò bá lò, ó ń bàjẹ́ ni," ó wí. "Bí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni. Ṣí i, ká nu eruku ara rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí eruku? Ó ṣí i. Ìyá wa fi àkísà rírọ̀ nù ún, tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó nu abẹ́ okùn, ó nu ẹ̀gbẹ́.

"Lóòótọ́," ó wí, "ọwọ́ wo ló ń ṣe kí ni nínú nǹkan yìí?"

"Ọ̀tún ló ń fa ọrun, Màmá. Òsì ló ń tẹ okùn. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ ló ń sọ ohùn tó máa jáde."

"Ọ̀tún rẹ yìí, ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá."

Ìyá wa na ọwọ́ òsì tirẹ̀ síwájú, ó ṣí ìka rẹ̀ márààrún bí ẹni ń fi ọjà hàn. "Èyí náà kò dùn mí."

Ó fa àpótí ìtìsẹ̀ kan sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, ó há ṣẹ́lò mọ́ orúnkún, ó gbé ọwọ́ onípílásítà lé itan, ó di ọrun mú. Ìyá wa na ọwọ́ kọjá níwájú èjìká rẹ̀, ó gbá ọrùn ṣẹ́lò mú. Àwọn àgbà ti wí i pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbé agolo wàrà dání, mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

"Ìka kìíní, Màmá. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìka máa ń dùn wọ́n ni, torí pé okùn náà ń gé ènìyàn lára. Ti ìyá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta ọdún tí abẹ́rẹ́ ti ń gún un, orí ìka rẹ̀ ti le bí awọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọrun. Ohùn kan jáde.

"Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Sókè díẹ̀, Màmá."

Ìyá wa sún ọwọ́ sókè.

"Rárá, sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ohùn lọ sókè, ẹ máa sún ọwọ́ wá sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni òkè."

Ìyá wa yọwọ́. "Ta ló ṣètò nǹkan yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rín náà mì í débi pé ọrun ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá wa sì ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé àwọn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ohùn kìíní rí, wọ́n wá ìkejì, wọ́n wá ìkẹta, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ di orin kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Bàbá wa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"Ta ló ń ta á?" ó wí. "Ṣé ọwọ́ ti san ni?"

"Àwa méjèèjì ni," ni ìyá wa dá a lóhùn, bí ẹni tó ti ń ṣe é látọdún gbọ́nhan. "Jókòó, tàbí kí o máa lọ. Má dúró sí wa lórí."

Bàbá wa jókòó. Ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ilé yẹn kò sinmi mọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọ ẹnu láàárọ̀, ìyá wa á ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀: "Àkọ́bí mi, ilẹ̀ ti mọ́ o." Wọ́n ń ṣe é láàárọ̀, wọ́n ń ṣe é lọ́sàn-án, wọ́n sì ń jà.

"O ti fa ọrun kí n tó tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ̀yin lẹ ò tètè tẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Ṣé èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú." Ẹ̀gbọ́n mi á mí kanlẹ̀. "Àmọ́ ẹ ò tètè tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí wọ́n tú pílásítà, ọwọ́ tó jáde níbẹ̀ rù, ó funfun, ìka rẹ̀ gan bí igi. Mo kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa nà án nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń sunkún nígbà mìíràn, ó ń nà án náà ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ náà lé okùn, ìyá wa fa àpótí ìtìsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ká ọwọ́ tirẹ̀ sí àyà.

"Ìka kìíní," ni ìyá wa wí. "Tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ohùn tó jáde kò ju ti kòkòrò lọ. Ìyá wa mi orí. "Ó wà níbẹ̀. A ó mú un jáde."

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi mú un jáde. Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé ìyá wa kò fẹ́ dá ṣẹ́lò padà fún ẹni tó ni ín. Bàbá Onísúìtì, tó ti fẹ̀yìn tì, wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń du ọrun. Ó pín súìtì fún wọn bí ẹni ń la ọmọdé níjà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé ṣẹ́lò tirẹ̀ wá fún ìyá wa, ó ní ó ń jókòó lásán nílé.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ta á níwájú adarí ọkẹ́sírà àti obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn oníṣẹ́lò. Kò sí aṣọ lágbedeméjì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ta á tán, obìnrin náà ń wò ó.

"Ohùn rẹ ti yí padà," ó wí. "Tẹ́lẹ̀, o máa ń fi ara pa mọ́ sínú rẹ̀. Kí lo ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá mi ni mò ń kọ́."

Wọ́n gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìyá wa sọ fún un pé òun ti ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun náà wá kọ́ ṣẹ́lò nílé. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ kan tí etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn, àti ìyàwó onígbàjámọ̀ náà, tó sọ pé òun kàn wá ṣọ́ ọkọ òun ni, ṣùgbọ́n tó ti mọ̀ ọ́n jù ú lọ kí oṣù tó parí. Nígbà tó yá, wọ́n di mẹ́jọ, gbogbo wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, nítorí ìyá wa kò gba ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń pàdé. Bàbá Onísúìtì ń bá ẹ̀gbọ́n mi ran àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo yà síbẹ̀, ariwo ẹ̀rín pọ̀ ju orin lọ.

Ó tó ọdún kan kí adarí tó gbọ́ nípa wọn. Ọkẹ́sírà máa ń ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lọ́dọọdún, ó wá ní kí àwọn àgbà náà wá bá àwọn oníṣẹ́lò òun ta orin kan. Mo wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà, mo ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí onígbàjámọ̀ ní àyà òun ń já. Ti ìyá wa kò já. Adarí ló tẹjú mọ́.

"Ọmọ mi," ó wí fún un, "ta ló rán kóòtù yìí?"

"Mo rà á ni, Màmá."

"Apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ sókè níwájú àwọn èèyàn yẹn, ojú á tì mí. Ẹ bọ́ ọ."

Adarí tí ọgọ́rin olórin ń bẹ̀rù bọ́ kóòtù. Ìyàwó onígbàjámọ̀ bá ìyá wa ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ ìyá wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìṣẹ́jú méje ló gbà á.

Ni wọ́n bá jáde síta, àgbà mẹ́jọ àti oníṣẹ́lò mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn. Gbọ̀ngàn kún àkúnya. Adarí gbé ọwọ́ sókè, apá kóòtù rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀, onígbàjámọ̀, tí etí rẹ̀ tó dára kọjú sí ibòmíràn, ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù tẹ̀ lé adarí. Orin náà fọ́ yángá, kálukú ń wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi láti ibi tí mo ti lọ jókòó ti bàbá wa láàárín èrò, ó ti pọ́n.

Ìyá wa sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn yẹn kì í fi ohùn pa mọ́. "Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí à ń sáré lọ."

Ẹ̀rín bú jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Adarí fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Onígbàjámọ̀ yí àga rẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí etí rẹ̀ tó dára yóò ti gbọ́. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì gbọ́ ṣẹ́lò méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan náà rí, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Ó ń wọlé láti àtẹ́lẹsẹ̀. Àga tí mo jókòó lé ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó ní ibi tí ohùn àwọn àgbà náà ti wọ́, tí ọ̀kan kò dé ibi tó yẹ kó dé, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé wọn ró lábẹ́, bí ẹni fi èjìká ti ògiri. Ìyá wa kò wo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó, ó ń ta á láìwo ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá wa di ọwọ́ mi mú lápá kan, ó ń fi apá kejì nu imú.

Nígbà tí ó parí, àwọn ènìyàn dìde dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí wọn bí ọbabìnrin. Lẹ́yìn náà, àwọn arúgbó tó wà nínú èrò rọ́ wá sórí pèpéle, wọ́n yí ìyá wa ká, wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí kíláàsì ń wáyé, wọ́n ń béèrè bóyá ẹni tí orúnkún ń dùn lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi fa bébà yọ, ó ń kọ orúkọ wọn. Nígbà tó kọ ọ́ dé mọ́kànlá, ó gbé orí sókè, ó ní, "Màmá, yàrá yẹn ò lè gbà wá mọ́ o."

"Wá òmíràn," ni ìyá wa dá a lóhùn.

Mo ti sún mọ́ wọn. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi orúkọ tèmi náà kún un, pé mo máa ń ráyè ní Ọjọ́bọ̀, pé ó ti pẹ́ tí nǹkan náà ti ń wù mí. Ìyá wa yíjú pa dà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí orí ti ń hewú.

"Ìwọ?" ó wí. "Lọ dàgbà ná."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òfin ni òfin. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.